Bí Mọ́tò Bá Gbá Oníkẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá lónìí. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ bá ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá mu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni mò ń bá wí: bàbá tó ń pín búrẹ́dì, ọmọ iléèwé, ọdẹ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀, ẹni tó ń ta áísìkiriìmù láàárín àdúgbò.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo bàbá kan ní Ìkòròdú. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ó ti di páálí búrẹ́dì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń ti Ìgbógbó lọ sí Sábó. Mọ́tò kan yà lójijì láìtan iná, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Búrẹ́dì fọ́n ká sójú títì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ òsì mú, kò lè gbé e. Èrò pé jọ. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á ní, "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́." Ẹlòmíràn á ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run." Awakọ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ki ọwọ́ bọ àpò, á yọ 10,000 náírà, á ní kí bàbá fi ra oògùn ìrora. Bàbá á gbà á, nítorí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, ojú àwọn èèyàn sì ń tì í. Ara rẹ̀ ṣì gbóná, kò tíì mọ bí ìpalára náà ṣe tó. Alẹ́ ni ọwọ́ tó wú. Nígbà yẹn, awakọ̀ ti lọ, kò sì sí ẹni tó kọ nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé owó tó yẹ kó tọ́jú bàbá yẹn wà nílẹ̀. Láti ọdún 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, ni wọ́n ti ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò sójú títì láìní ìwé ìṣúránsì tí gbogbo wa mọ̀ sí táàdì páàtì. Òfin ìṣúránsì tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2025 kò sì mú dandan náà kúrò. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò gbà pé torí ọlọ́pàá ni àwọn fi ń ra ìwé náà, kí wọ́n lè rí nǹkan nawọ́ rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n bá dá wọn dúró. Kì í ṣe torí ọlọ́pàá. Kì í sì í ṣe torí mọ́tò náà pàápàá, torí bí mọ́tò ẹni tó ra ìwé náà bá rún wómúwómú, ìwé yẹn kò ní tún un ṣe. Ẹni tó wà níta, tí mọ́tò náà gbá, òun ni wọ́n ṣe ìwé náà fún. Bàbá oníbúrẹ́dì yẹn gan-an ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìṣúránsì, sọ owó ìwé yìí di 15,000 náírà lọ́dún fún mọ́tò àdáni. 5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ti ọ̀kadà jẹ́ 3,000, ti kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ 5,000. Pẹ̀lú 15,000 yẹn, ilé iṣẹ́ ìṣúránsì ti gbà láti san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bàjẹ́. Kẹ̀kẹ́ bàbá àti búrẹ́dì rẹ̀ wà lábẹ́ ìyẹn. Ti ara tó fara pa àti ti ẹ̀mí tó bọ́ dá dúró ní tiwọn, òdiwọ̀n mílíọ̀nù 3 yẹn kò dè wọ́n.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé òun ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó sílé pẹ̀lú ọwọ́ tó ti rọ. Àdúgbò kan náà ni onímọ́tò àti oníkẹ̀kẹ́ ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí kan náà ni wọ́n lè máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó dáadáa. Bí ìwé ìṣúránsì bá wà, owó tí ẹ fẹ́ gbà kò ní ti àpò awakọ̀ jáde. Ó ti san tirẹ̀ nígbà tó ra ìwé. Ilé iṣẹ́ tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ́tò mìíràn ni yóò san án. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń bẹ̀ yín pé kí ọ̀rọ̀ má kọjá ibẹ̀, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé: "Ọmọ mi, ṣé o ní ìṣúránsì?" Bó bá ní, kò sídìí fún ìbẹ̀rù. Bí kò bá ní, ó ti rú òfin kó tó gbá yín, ẹ̀bẹ̀ kò sì ní sọ ìyẹn di nǹkan kékeré. Ẹ ṣì lè pe òun àti ẹni tó ni mọ́tò lẹ́jọ́ láti san án fúnra wọn.

Ó dáa. Kí ni kí oníkẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà níbẹ̀? Nọ́ńbà mọ́tò ló ṣáájú ohun gbogbo. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ya mọ́tò náà níwájú àti lẹ́yìn, kó ya kẹ̀kẹ́ níbi tó ṣubú sí, kó ya ojú títì, kó ya ọgbẹ́ yín. Ìwé ìṣúránsì, ẹ ya ìyẹn náà, torí ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìṣúránsì ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, askniid.org, tí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà mọ́tò sí kó rí i bóyá ìwé náà jẹ́ ojúlówó. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tó rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀, pàápàá ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí, torí òun ni ẹ ó tún bá níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ti pàjáwìrì sì ni 112. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ tó ti tẹ̀ náà, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni.

Láti ibẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ilé. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Àìsí owó àsansílẹ̀ wà lára ìdí yòówù. Ẹni tó bá kọ̀ lè san 100,000 náírà owó ìtanràn, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé ẹni tó fara pa lọ, ẹ mẹ́nu ba òfin yẹn fún wọn láìjà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé kí ló ṣe yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa, bí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ni." Wọn kò fẹ́ kí àlàyé gùn. Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sínú káàdì bí wọ́n ṣe wí i: ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, lọ́yà ilé iṣẹ́ ìṣúránsì á ṣí káàdì náà, á ka gbólóhùn yẹn sí adájọ́ létí, á béèrè pé mọ́tò wo lẹ wá ń sọ. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Mọ́tò ló gbá mi lórí kẹ̀kẹ́, ní ibi báyìí, ní aago báyìí." Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní bàbá tó ń to eegun làwọn máa lọ bá. Mi ò bá wọn jà. Àwọn bàbá wọ̀nyẹn ti to eegun ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, wọ́n sì sún mọ́ wa ju ilé ìwòsàn lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ya ẹ́síréè nílé ìwòsàn ìjọba, kí dókítà sì kọ ohun tó rí. Èkó ní ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì, àwọn jẹ́nẹ́rà náà sì wà káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹ́síréè yẹn ló máa fi hàn pé eegun ṣẹ́ ní ọjọ́ báyìí, níbi báyìí. Tí ẹ bá wá lọ sọ́dọ̀ bàbá lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó kọ iye tó gbà àti ọjọ́ tó gbà á sórí ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó kọ àdírẹ́sì rẹ̀. Òun náà lè wá jẹ́rìí.

Ẹ lọ sí tésàn, kì í ṣe láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Àkọsílẹ̀ lẹ ń wá. Ọlọ́pàá ló máa ya àwòrán ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ló máa wo mọ́tò náà bóyá bíréèkì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìwé àbọ̀ ìwádìí wọn sì ni ilé iṣẹ́ ìṣúránsì máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má fọwọ́ sí sítétímẹ́ǹtì tí ẹ kò lè kà. Ẹ ní kí wọ́n kà á sí yín létí ní Yorùbá.

Ìwé mìíràn tún wà tó léwu ju ìyẹn lọ. Nígbà míì, ẹbí awakọ̀ á kó àpò ìrẹsì àti owó díẹ̀ wá sílé aláìsàn, wọ́n á sì mú ìwé kan dání. Ìwé náà á sọ pé ẹni tó fara pa ti gba owó báyìí, ó sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí pátápátá, òun kò tún ní béèrè ohunkóhun mọ́ láé. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i lè ti fi 50,000 náírà ta ẹ̀tọ́ tó tó mílíọ̀nù. Ẹ lè gba ìrànlọ́wọ́ o. Èmi kò ní kí ẹ dá ìrẹsì padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ ni pé, "Mo gba iye báyìí fún ìtọ́jú, kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀." Fún ẹni tí kò mọ̀wé, òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé sọ pé ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sísàlẹ̀, kó sì jẹ́rìí pé òun ti kà á fún un, ó sì yé e. Bí wọ́n bá ti tẹ àtàńpàkò yín láìṣe ìyẹn, ẹ mú ìwé náà lọ bá lọ́yà kíákíá, torí ó ṣeé ṣe kí ó má dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó. Kóòtù wa pín in sí méjì. Èkíní ni owó tí ẹ ti ná àti èyí tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Adájọ́ kì í fojú bu ìyẹn rárá: ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ẹjọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Owó káàdì, owó ẹ́síréè, oògùn, bándéèjì, owó ọ̀kadà tó gbé yín lọ gbé yín bọ̀, owó kẹ̀kẹ́. Ẹ wá ọ̀rá kan, kí gbogbo rìsíìtì máa wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á. Onírìsíìtì tí kò kọ ọjọ́ sí i, ẹ dá a padà fún un kó kọ ọ́.

Owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ká ní bàbá wa yìí ń jèrè 6,000 náírà lójúmọ́, tó ń jáde lọ́jọ́ 6 lọ́sẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú símẹ́ńtì dókítà fún ọ̀sẹ̀ 6. Ọjọ́ iṣẹ́ 36 ló ti lọ yẹn, 216,000 náírà. Ẹ fi í wé 10,000 tó gbà lójú títì. Báwo ni yóò ṣe fi hàn pé lóòótọ́ ló ń jèrè tó bẹ́ẹ̀? Ìwé tó ń fọwọ́ sí ní ilé búrẹ́dì láràárọ̀ wà níbẹ̀, oníbúrẹ́dì lè jẹ́rìí, àlẹ́ẹ̀tì báńkì wà lórí fóònù rẹ̀. Fóònù tí wọ́n fi ya àwòrán náà, ẹ má tà á, ẹ má sì pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ìlànà fún mímú àwòrán fóònù wá sí kóòtù, lọ́yà yín á sì bá yín ṣe ìwé tó yẹ.

Ìkejì ni owó gbà-má-bínú fún ìrora, fún àpá, fún ọwọ́ tí kò lè gbé páálí búrẹ́dì mọ́. Ìyẹn ni adájọ́ lè fojú bù, ohun tí dókítà bá sì kọ ni yóò tẹ̀ lé. Bí ẹni náà bá kú, ẹ̀tọ́ yẹn kò bá a lọ. Aya, ọkọ, ọmọ àti òbí tí olóògbé náà ń gbọ́ bùkátà wọn lè pe ẹjọ́.

Bí oníkẹ̀kẹ́ náà bá ní ẹ̀bi tirẹ̀ ńkọ́? Bóyá kò ní iná lórí kẹ̀kẹ́ nínú òkùnkùn, tàbí ó gba wọ́ọ̀nù wéè bọ̀. Kóòtù yóò wọn ẹ̀bi náà. Bí adájọ́ bá ní mílíọ̀nù 1 ni ìpalára yín tó, ṣùgbọ́n nínú ìdá mẹ́rin ẹ̀bi náà, ọ̀kan jẹ́ tiyín, 750,000 ni ẹ ó gbà. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ pé òun náà ṣe díẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé òun kò ní ẹ̀tọ́ mọ́. Bí awakọ̀ náà bá sì ń wakọ̀ fún ọ̀gá, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá lákòókò yẹn, ẹjọ́ náà kan ọ̀gá pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má fi "dẹ́rẹ́bà ò lówó lọ́wọ́" tàn yín.

Ẹ̀yin ọdẹ àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Òfin gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àjọ NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó yín. Bí mọ́tò bá gbá òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́, àjọ yẹn ló máa tọ́jú rẹ̀, kò sì nílò kó fi hàn pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Bí mọ́tò tó gbá a bá sá lọ pàápàá, ẹ̀tọ́ náà wà. Ẹ fi tó ọ̀gá yín létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi ránṣẹ́ sí àjọ náà. Ẹni tó fara pa ní ọdún 1 láti kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àkókò yìí ló máa ń pa ẹjọ́ tó dáa. Ní Èkó, ẹni tí ìwà àìbìkítà ẹlòmíràn ṣe léṣe ní ọdún 3 láti gbé e lọ sí kóòtù. Bí mọ́tò ìjọba bá ni, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń wà á lẹ́nu iṣẹ́, oṣù 3 péré ni òfin àpapọ̀ fún yín. Oṣù mẹ́ta! Ẹni tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lè má tíì sọ igi tó fi ń rìn nù kí oṣù mẹ́ta tó pé. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba. Ẹ má dúró kí ara yá tán kí ẹ tó wá lọ́yà.

Lọ́yà yóò kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni mọ́tò àti sí ilé iṣẹ́ ìṣúránsì rẹ̀. Lẹ́tà ti ilé iṣẹ́ ìṣúránsì yìí kò ṣeé fojú fò, torí ó yẹ kí wọ́n tètè mọ̀ nípa ẹjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ máa ń parí pẹ̀lú ìjókòó àjọsọ láì dé iwájú adájọ́. Bí ilé iṣẹ́ ìṣúránsì bá ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, ẹ lè fi ẹjọ́ wọn sun NAICOM.

Owó lọ́yà ńkọ́? Òfin iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà gbà pé nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, lọ́yà àti oníbàárà lè ṣe àdéhùn pé nínú owó tó bá jáde ni lọ́yà yóò ti mú ìpín tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìpín náà mọ níwọ̀n, kó sì wà lórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, tó ní òun mọ bí òun ṣe máa gba owó náà jáde. Lọ́yà gidi ní ọ́fíìsì, ó sì ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà tó ń lẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀.

Ẹni tí kò ní agbára, ìjọba àpapọ̀ ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti ọdún 1976. Ọ̀rọ̀ jàǹbá wà lára ohun tí òfin wọn ti ọdún 2011 ní kí wọ́n máa bá tálákà ṣe ní kóòtù. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó ti di 70,000 náírà láti ọdún 2024, lè tọ̀ wọ́n lọ. Ní Èkó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú tí wọ́n ń pè ní OPD wà, Citizens Mediation Centre sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ kóòtù rárá. Níbẹ̀, wọ́n á pe ẹ̀yin àti onímọ́tò jókòó, wọ́n á bá yín parí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àdéhùn náà á sì wà lórí ìwé.

Àwọn òbí máa ń béèrè pé bí ọmọ ọdún mọ́kànlá bá ni mọ́tò gbá lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́. Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ bí àgbà. Bàbá, ìyá tàbí alágbàtọ́ ló máa dúró fún un nínú ìwé ẹjọ́. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ mọ́ àwọn ìwé tó kù: káàdì ilé ìwòsàn, ẹ́síréè, ìwé ọlọ́pàá, àwòrán, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, àti ọ̀rá rìsíìtì yẹn. Bí ìwé kan bá ṣì kù, ẹ má torí rẹ̀ dúró sílé. Lọ́yà tàbí àwọn ọ́fíìsì tí mo dárúkọ á sọ fún yín bí ẹ ó ṣe rí i gbà. Bí ẹni tó fara pa kò bá lè rìn, kí aya rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ kó àwọn ìwé náà lọ síbẹ̀ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.